Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Houston

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Àríyànjiyàn wa orí fóònù lálẹ́ Sunday kò kúrò lọ́kàn mi, bí ẹ ṣe ní Saddam Hussein, olórí Iraq nígbà náà, lọ́wọ́ nínú ìkọlù tí Al-Qaeda, ẹgbẹ́ Bin Laden, ṣe sí Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2001, tí èmi sì ní kò sí ẹ̀rí. Ohùn yín ga, tèmi náà ga, títí ìyàwó yín fi gba fóònù lọ́wọ́ yín.

Ẹ ní, "Abu Nidal ńkọ́? Ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀." Òótọ́ ni. Saddam gba Abu Nidal, apániláyà ará Palestine yẹn, sílé, Baghdad ló kú sí ní 2002. Baghdad náà ni wọ́n ti mú Abu Abbas, ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ já ọkọ̀ ojú omi Achille Lauro gbà ní 1985. Ìkà ni Saddam, ẹ bi àwọn ará Halabja, ìlú Iraq tó fi gáàsì olóró pa èèyàn.

Ṣùgbọ́n epo ti ìkọlù oṣù Kẹsàn-án 2001 ńkọ́? Ta ló rí i lọ́wọ́ Saddam? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2003, Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ fún Ìgbìmọ̀ Ààbò UN pé Iraq kọ́ Al-Qaeda bí wọ́n ṣe ń lo májèlé. Ẹnu Ibn al-Shaykh al-Libi, ará Libya kan tí Amẹ́ríkà mú, ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Amẹ́ríkà ti fà á lé Íjíbítì lọ́wọ́. Ó ní inú àpótí kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 50 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n há òun mọ́ fún nǹkan bíi wákàtí 17, wọ́n tún lu òun, òun fi wá irọ́ pa kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kò ní parọ́ níbẹ̀? Ní 2004 ló kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Amẹ́ríkà ti gbógun wọ Iraq kí ó tó kó o jẹ.

Ọdún yẹn náà ni ìgbìmọ̀ tó wádìí ìkọlù ọ̀hún sọ pé lóòótọ́ ni Iraq àti Al-Qaeda ti ránṣẹ́ síra wọn rí, àmọ́ ìgbìmọ̀ náà kò rí ẹ̀rí pé wọ́n jọ pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́. Zarqawi tí ẹ ń dárúkọ, olórí àwọn agbébọn kan ní Iraq, oṣù Kẹwàá 2004 ló tó búra fún Bin Laden. Saddam ti wà látìmọ́lé nígbà yẹn.

Mo rí bàtà ológun ọmọ yín lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì nígbà tí mo wá kí yín. Eruku Iraq ṣì wà nínú ihò okùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ní ìdí ogun yẹn kò dúró, ohun tí ẹ ń gbọ́ ni pé ọmọ yín lọ lásán. N kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n rán an, ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àwọn tó rán an ni mo ń bá wí.

Ẹ bá mi kí i. Mò ń bọ̀ ní Kérésìmesì.

Àbúrò yín,
Ìbàdàn