Odidi ọjọ́ kan lórí ìlà nítorí sẹ́kọ́ọ̀ndì 15

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi, torí ó ti ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tọ́rọ̀ yìí ti ń dùn mí, àwọn ará ilé mi sì ti ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ réèsì mọ́tò ni, èyí tí wọ́n ń pè ní drag racing, tí mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á wá ki eré mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ títí dé ìparí. Kọ́tà máìlì ni, ìyẹn nǹkan bíi mítà 402, àwọn pápá míì tiẹ̀ máa ń lo ìdajì ẹ̀. Mọ́tò tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni mo gbé lọ, torí ọjọ́ tí wọ́n ṣí pápá sílẹ̀ fún tèmi tìẹ ni, ẹni tó bá ti ní mọ́tò àti láísẹ́ǹsì, kó sanwó kó sáré.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu géètì. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sáré, sẹ́kọ́ọ̀ndì 15 àti díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o! Àbúrò mi tó bá mi lọ, tó ní òun máa fi fóònù ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó máa fi kàn wá ó ti lọ tọ̀, kò tiẹ̀ rí mi.

Kí n má tíì lọ jìnnà, mi ò sọ pé kí wọ́n má dá wa dúró rárá. Kò sí ẹni tó mọ ibi réèsì tí ò mọ̀ pé ìdúró wà ńbẹ̀, mọ́tò á bàjẹ́, òjò lè ṣú, ẹni kan á ṣe wèrè. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nígbà tá à ń bèèrè, gbogbo wọn ń sọ pé "bó ṣe máa ń rí nìyẹn", bí ẹni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni. Láti àárọ̀ lẹ́nu géètì ni wọ́n ti ba ọjọ́ náà jẹ́.

Nígbà tí wọ́n fi máàkà funfun kọ nọ́ńbà sí gíláàsì iwájú mọ́tò mi, 263 ni mo rí. Mo wẹ̀yìn, ìlà mọ́tò ṣì gùn débi pé mi ò rí ìdí ẹ̀, wọ́n sì ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ ràì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n pè wọ́n síwájú, kí wọ́n yí táyà kó gbóná, kí wọ́n tò sójú ìlà, kí wọ́n sáré, kí ọ̀nà tó mọ́ fún àwọn tó kàn, tí gbogbo ẹ̀ bá lọ geere ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni. Mọ́tò 80 nìyẹn láàárín wákàtí kan. Mọ́tò 263 á gba wákàtí mẹ́ta àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 kí oníkálukú tó lọ ẹ̀ẹ̀kan péré, tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́ o, a ò sì tíì ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi mọ́ ọn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù, aago mọ́kànlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ pa gbogbo ẹ̀ torí ariwo. Wákàtí méje. Tí ohunkóhun ò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀mejì lẹnì kan lè lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ síta fún wa ni pé ká wá sáré títí á fi sú wa. Ó sú wa lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe eré ló sú wa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù níbẹ̀. Kí wọ́n tó jẹ́ kí mọ́tò kankan wọ ojú ọ̀nà, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ táyà le, ṣé bátìrì ò mì, ṣé bẹ́líìtì ń ṣiṣẹ́, ṣé wáyà ò yọ lára táyà, ṣé nǹkan kan ò kán nísàlẹ̀, ṣé ike wà tó máa gba omi rédíétọ̀ tó bá hó jáde, ṣé o ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àyẹ̀wò yìí, èmi gan-an fẹ́ kí wọ́n yẹ mọ́tò ẹni tó máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò dáadáa. Àmọ́ tábìlì kan àti ọmọkùnrin méjì ni wọ́n fi dúró de mọ́tò tó lé ní 250. Àwọn tó kọ́kọ́ dé, wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n mi bátìrì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀. Tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìlà ti gùn, hóònù ń dún, ọ̀gá kan wá pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n tètè, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo hẹ́límẹ́ẹ̀tì nìkan, wọ́n á ní "máa lọ, máa lọ". Bónẹ́ẹ̀tì tèmi, wọn ò fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn nígbà yẹn, kí n má parọ́.

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, mọ́tò kan tú ọ́ìlì dà sójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì fọ́ o. Ohun táwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ ń sọ nínú ìlà ni pé fíltà ọ́ìlì ni kò le dáadáa, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ láàárọ̀ sì ní òun rí i tó ń kán tó ń kán, òun rò pé omi ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré á ti rí i! Ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fẹ́ jẹ èrè ẹ̀ láàárọ̀ ló padà gba wákàtí kan àti 20 ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wa lọ́sàn-án. Awakọ̀ náà tún wá fi kún un, kàkà kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó dúró nígbà tó rí èéfín, ó gbé e lọ títí dópin, ó wá fi ọ́ìlì yẹn ya ilà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò bá tíì rí i rí, ojú ọ̀nà réèsì kì í ṣe títì lásán, wọ́n máa ń fọ́n nǹkan tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù sí i, rọ́bà táyà á sì lẹ̀ mọ́ ọn, bó o bá fi bàtà rìn ńbẹ̀ ó fẹ́ẹ̀ gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ. Bí ọ́ìlì bá dà síbẹ̀, wọ́n á da ìyẹ̀fun tó ń fa ọ́ìlì mu sí i, wọ́n á gbá a, wọ́n á nù ún, wọ́n á fẹ́ ẹ gbẹ, wọ́n á tún fọ́n gọ́ọ̀mù míì, wọ́n á tún wọ́ táyà lórí ẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ yẹn, mo kí wọn, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, mi ò ní fẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan dín kù níbẹ̀. Àwọn tó fi réèsì yìí ṣiṣẹ́ ṣe gan-an ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí awakọ̀ wọn kan kú lọ́dún 2008, wọ́n gé ọ̀nà kù sí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 fún àwọn mọ́tò tó yára jù, dípò 1,320. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré nídìí nǹkan yìí.

Àmọ́ máìkì wà lọ́wọ́ wọn! Lásíipíkà wà káàkiri pápá, orin ni wọ́n ń gbé sí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ́ìlì ló dà, pé á tó wákàtí kan, ẹ lọ jókòó síbi òjìji. Àwa ò mọ̀, gbogbo wa wà nínú mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá pa á tí ìlà wá sún, wọ́n á kọjá ẹ. Bẹ́ẹ̀ ooru yẹn ló ń pa mọ́tò. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì máa fi jó epo ò pọ̀ nínú ẹ̀, nígbà tó bá sì máa fi kàn ọ́, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ti dà bí ààrò, agbára tó o gbé wá láti ilé ti lọ. Bàbá kan tó wà níwájú mi, tó ti ta agbòòrùn ńlá mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ẹ̀, ló kàn sí gíláàsì mi. Ó ní, "Àbúrò, pa á jàre. Ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá sún, a máa tì í." Mo ní ẹ ṣé sà. Báyìí lèmi, àbúrò mi àti bàbá yẹn ṣe ń ti mọ́tò méjì síwájú díẹ̀díẹ̀ nínú oòrùn, àárín kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ohun tí à ń ṣe wọ àwọn tó wà nínú mọ́tò wọn lójú, àwọn náà bọ́ sílẹ̀ wọ́n ń tì.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, ámbúláǹsì. Obìnrin kan nínú àwọn òǹwòran dá kú nínú oòrùn, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ámbúláǹsì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wá, òfin sì ni pé tí ámbúláǹsì ò bá sí ńlẹ̀ mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ sáré. Ìṣẹ́jú 50. Ẹ gbowó lọ́wọ́ èrò tó pọ̀ tó báyẹn, ẹ gba ámbúláǹsì kan. Mi ò ní ọ̀rọ̀ sọ.

Àwa awakọ̀ náà ò mọ́ o. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé táyà ìgboro ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò wọn, tí yíyí táyà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní kankan, àmọ́ wọ́n á wọ inú omi tí wọ́n dà sílẹ̀ ṣáájú ìlà fún yíyí táyà, wọ́n á yí i títí èéfín á fi bo gbogbo wa torí pé ọ̀rẹ́ wọn ń ká fídíò. Ìjọ̀ngbọ̀n ẹ̀ ni pé omi á há sínú ilà táyà ìgboro àti abẹ́ mádígáàdì, á wá máa kán sójú ìlà gan-an níbi tí ẹlòmíì ti fẹ́ gbéra. Ẹ yí omi yẹn ká, ẹ jọ̀ọ́ yín. Àwọn míì tún wà, tí wọ́n bá dé ìdí igi iná, ìyẹn òpó tí iná tó ń sọ pé ká gbéra wà lára ẹ̀, tí wọ́n ti ń lò láti 1963, wàá rí i tí gílóòbù kékeré àkọ́kọ́ á tàn fún àwọn méjèèjì, ó ku kí wọ́n sún díẹ̀ kí èkejì tàn, kò sẹ́ni tó máa sún. Kálukú ń dúró de ẹnìkejì, bíi tọkọtaya tó ń bára wọn bínú tí ẹnì kan ò fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan á lọ. Ẹ wá ro iye ìṣẹ́jú tó máa bá a lọ nínú mọ́tò 263.

Ti pé àwọn kan ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé síwájú ìlà torí wọ́n mọ ẹni tó ń pe mọ́tò, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi ru.

Aago mẹ́rin kọjá ló tó kàn mí. Iná yẹ́lò mẹ́ta máa ń tàn tẹ̀léra, ààbọ̀ sẹ́kọ́ọ̀ndì láàárín wọn, kí gíríìnì tó dé. Láti àárọ̀ tí mo ti ń dúró, ojú mi ti wúwo, gíríìnì tàn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti lọ, èmi ṣì ń wo igi. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ẹ̀ sọ pé ó gbà mí tó sẹ́kọ́ọ̀ndì 1.4 kí n tó gbéra. Aago eré kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí táyà bá kúrò lójú ìlà, ìyẹn ló bo àṣírí mi díẹ̀. Mo padà lọ tò.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ni pápá gbọ́ ò le. Ẹ ka mọ́tò. Tó bá ti pé 150, ẹ ti géètì, ẹ kọ ọ́ síta lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kẹ́ni tí ò bá tètè wá mọ̀. Mọ́tò 150 ò tó wákàtí méjì kó tó yípo ẹ̀ẹ̀kan, èèyàn á lọ ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí méje, wákàtí kan àti díẹ̀ á ṣì kù fún ọ́ìlì tó bá dà. Ẹ fi tábìlì kan sí i níbi àyẹ̀wò, kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ wolẹ̀ fún ti gbogbo wa, kì í ṣe fún ẹni 50 àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní owó máa dín. Ẹ fowó lé e! Ẹnikẹ́ni tó ti mọ́tò nínú oòrùn lọ́jọ́ yẹn á sanwó ju bẹ́ẹ̀ lọ kó lè sáré ẹ̀ẹ̀mẹta, èmi á san án. Torí nǹkan bí aago mẹ́ta, mo rí àwọn ọmọkùnrin mélòó kan tí wọ́n yà kúrò nínú ìlà, ọ̀kan nínú wọn sì ń pariwo pé àwọn mọ ojú títì kan tí ò sẹ́ni tó máa ní káwọn tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ torí àtikó irú wọn kúrò lójú títì ni Wally Parks àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi dá NHRA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò irú réèsì yìí, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1951, tí wọ́n fi ní kí pápá wà.

Aago mẹ́fà lu, wọ́n pa igi iná. Mọ́tò mẹ́rin ló wà níwájú mi, ti bàbá yẹn wà nínú ẹ̀. Ó ká agbòòrùn ẹ̀, ó ní, "Ó dìgbà, àbúrò." Mo lọ bèèrè bóyá wọ́n á fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ míì, wọ́n ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 263 yẹn ṣì wà lójú gíláàsì mọ́tò mi títí di àárọ̀ òní, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, nọ́ńbà 263