Kì í ṣe ọdún 2 péré o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn èèyàn wa tí Amẹ́ríkà dìpọ́ọ̀tì tí wọ́n tún gba Mexico wọlé padà, ẹ ní tọ́wọ́ bá tẹ̀ wọ́n, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò délẹ̀, torí ẹlòmíì á kà á á ní kí ni ọdún 2 já mọ́, á sì gbọ̀nà lọ.

Ẹni tí ò ní kéèsì rí ni ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò lè ju ọdún 2 yẹn lọ. Nínú òfin wọn, sẹ́kíṣọ̀n 1326, tó bá ti jẹ̀bi felony, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, kí wọ́n tó lé e, ó lè gun ọdún 10, tó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní aggravated felony, 20 ni. Téèyàn bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé adigunjalè tàbí apààyàn nìkan ni, àmọ́ jìbìtì tówó ẹ̀ ju $10,000 lọ wà ńbẹ̀, olè jíjà tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún náà wà ńbẹ̀, kódà kí jọ́ọ̀jì ní kó máa lọ sílé, kó má ṣẹ̀wọ̀n ọ̀hún. Ẹ wá wo ẹni tí lọ́yà sọ fún pé ṣáà gbà pé o jẹ̀bi, ilé lo máa sùn lálẹ́ yìí, ó gbà, ó sùn sílé lóòótọ́, wọ́n lé e wá sí Nàìjíríà, ó padà lọ torí ọmọ ẹ̀, kéèsì tí ò ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan fún ló ń gbé 20 dúró dè é yẹn!

Mi ò ní gbogbo èèyàn ló ń jẹ 20 o, ọ̀pọ̀ kì í débẹ̀. Ìwé ìṣirò kan wà tí jọ́ọ̀jì ń wò, ó ń fi ìpele díwọ̀n bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe wúwo tó, bí ìpele bá ṣe ga sí ni ẹ̀wọ̀n ń pọ̀ sí. Ẹni tí ò ní kéèsì rí, oṣù 0 sí 6 ló máa bá níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti dá ọdún 5 fún kí wọ́n tó lé e, wọ́n á fi ìpele 10 kún tiẹ̀, wọ́n á tún ka kéèsì yẹn kan náà mọ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ àtẹ̀yìnwá, á di oṣù 30 sí 37 kí wọ́n tó yọ díẹ̀ fún un pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ti jìyà ẹ̀ tán! Jùrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n ń kó jọ láti pinnu ẹjọ́, ò tiẹ̀ ní jókòó lé kéèsì àtijọ́ yẹn, jọ́ọ̀jì nìkan ló máa pinnu ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ló fọwọ́ sí i lọ́dún 1998, adájọ́ 5 sí 4, lójú tèmi àwọn 4 tí ò fọwọ́ sí i yẹn ló tọ̀nà.

Ẹ bá wa tún un kọ. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tí wọ́n bá ti lé rí pé kó tó kówó fún ajẹ́ǹtì, kó kọ́kọ́ gbé ìwé kéèsì ẹ̀ lọ bá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n gidi. Fọ́ọ̀mù I-212 wà tí wọ́n fi ń tọrọ ààyè kí wọ́n tó padà, ó ń pẹ́, wọ́n sì lè má gbà fún un.

Èmi òǹkàwé yín,
Houston