Eegun Ọkọ̀ Inú Oko Kòkó Kì í Ṣe Model T

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo rí àwòrán eegun ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, èyí tí wọ́n bá nínú oko kòkó, tí igbó ti bò mọ́lẹ̀ títí tó fi ku ṣásí (férémù irin abẹ́ ọkọ̀) nìkan, tí ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Ford Model T ayé Lugard ni. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ta ko ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé àwòrán yín gan-an kò gbè é lẹ́yìn.

Lóòótọ́, kò ní yani lẹ́nu bí a bá rí Model T nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1908 sí 1927 ni wọ́n fi ṣe é, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 15. Ní 1913, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá ti dá ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Èkó, nítorí náà ọkọ̀ kì í ṣe àjèjì níbí láyé Lugard. Ohun tó ṣi ẹni tó kọ àkọlé yín lọ́nà, bí mo ṣe lérò, ni sípíríǹgì iwájú tó dábùú láti ọ̀dọ̀ táyà ọ̀tún dé ti òsì. Àwọn àgbà mẹkáníìkì mọ̀ pé Ford ló máa ń gbé sípíríǹgì dábùú bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ń to tiwọn lóòró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ṣùgbọ́n Model T kógbá wọlé tán, Ford kò fi àṣà náà sílẹ̀. Wọ́n lò ó ní Amẹ́ríkà títí di 1948, àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Ford Popular ló ṣì wà ní 1959, nígbà tó ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ford ni ọkọ̀ yẹn, mo gbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni sípíríǹgì kò lè sọ. Ìpẹtà náà kò lè sọ ọ́, pàápàá lábẹ́ irú òjò tó ń rọ̀ lóko kòkó.

Ohun tó dá mi lójú ni dúrọ́ọ̀mù bíréèkì tó hàn kedere lára họ́ọ̀bù iwájú (àárín ibi tí wọ́n ti ń de táyà) nínú àwòrán náà. Model T kò ní bíréèkì níwájú rárá láti ilé iṣẹ́ wá: pẹ́dà ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú gíà, ti ọwọ́ ń mú táyà ẹ̀yìn, ó parí. (Bí àwọn awakọ̀ ìgbà náà ṣe ń fi í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.) Model A, tó rọ́pò rẹ̀ ní 1927, ló ní bíréèkì ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kí ẹni tó ni oko náà mú téèpù, kó wọ̀n ọ́n láti àárín họ́ọ̀bù iwájú dé àárín họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 103 àbọ̀, Model A ni a ń wò. Àwọn Ford Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé e gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ 90 tàbí 94, ọ̀kan lára àwọn Ford kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, irú Popular tàbí Prefect, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi lọ, nítorí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wa nígbà náà. Kó tún wo apá ibi tí wọ́n ti de sitíárìn mọ́ ṣásí. Bí ó bá jẹ́ apá ọ̀tún, ó bá ìgbà tí a ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì mu, kí ìjọba tó yí i padà ní April 1972.

Tí ó bá jẹ́ Model A, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lórí irin ṣásí apá òsì, níbi tí bọ́dì máa ń bò mọ́lẹ̀. Ní báyìí tí bọ́dì ti lọ, ojú lásán lè rí i. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Kí wẹ́dà kankan má fi ẹ̀rọ họ ọ́, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n bá họ nù kò ní padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín padà síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì tẹ iye ínṣì náà jáde fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn