Sí ẹ̀yin ọmọ mi tó fẹ́ gbé fíìmù ayé àtijọ́ jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi l'Óṣogbo,

Méjì nínú yín wá bá mi nílé l'Ókè-Fíà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní eré apanilẹ́rìn-ín ti sú wọn, eré ayé àtijọ́ ló kàn. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín lánàá lè pa wọ́n lẹ́kún lónìí. Ìdí tí wọ́n sọ ni kò wọ̀ mí létí: wọ́n ní òun ló ń tà.

Ẹ rántí Dúró Ládípọ̀. Olùkọ́ ni, orin ìjọ ló kọ́kọ́ ń kọ, àwọn kan sì bínú nígbà tó gbé ìlù dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi máa di 1963, ọdún kan lẹ́yìn tí Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti eléré, bẹ̀rẹ̀ nílùú wa yìí, ìtàn Ṣàngó ló ń ṣe nínú Ọba Kò So. Eré náà dé Berlin ní 1964. Oríkì àti ìlù bàtá ló kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá jókòó ti àwọn tó ni wọ́n, níbo ni yóò ti rí wọn?

Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù, náà ń kọ́? Ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì ló fi ṣe Ó Le Kú ní 1997, ó bọ́ sórí ìjọba tó bàjẹ́ nínú Ṣaworoidẹ ní 1999, ó sì ṣe Arugbá, ìtàn Ọ̀ṣun tiwa, ní 2008. Ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ yẹn jìn síra wọn, síbẹ̀ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló ni ìtàn méjèèjì. Ẹ wá òǹkọ̀wé kí ẹ tó wá kámẹ́rà.

Owó eré apanilẹ́rìn-ín ni mo fi bẹ̀rẹ̀ eré ayé àtijọ́ àkọ́kọ́ tèmi. Yàrá méjì àti èèyàn mẹ́rin tẹ́nu wọn dùn ti máa ń tó mi tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a dá ọjà kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú fún eré náà, a kó ọgọ́ta èèyàn síbẹ̀, a sì yà á fún ọjọ́ méjì gbáko. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to fíìmù la ti rí i: ìyá ẹlẹ́kọ kan jókòó síwájú, sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ búlúù yọ lábẹ́ ìró rẹ̀. Owó ti tán, a ò lè padà. A gé ibẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọba ti dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Títí dòní, àwọn tó wo eré náà ṣì ń bi mí bí ọmọ náà ṣe rí bàbá rẹ̀.

Mi ò bá ìyá náà wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó bọ́ ọ. Nínú eré apanilẹ́rìn-ín, mi ò gba olùtọ́jú aṣọ rí, n kò sì mọ̀ pé mo nílò rẹ̀. Bí ẹ bá tún yí sí eré adẹ́rùbani lọ́la, ohùn ni yóò gba owó yín. Ní ti eré ìfẹ́, ẹni tójú rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láìlanu lẹ máa wá. Ẹ tún owó kà látìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá yí sí irú eré mìíràn, kí ẹ sì lọ ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń ṣe irú ẹ̀, bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ẹ gbé ìwé eré náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ òfì mẹ́ta ṣì wà nínú àpótí ìyá mi, ẹ ó kó wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń ya ibi ọjà, ẹ wá ìjókòó fún mi. Ẹsẹ̀ wọn ni màá máa wò.