Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa náà rí ara wọn nínú fíìmù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá.

Nígbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo pe àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo sì fi fíìmù kan tí Abbas Kiarostami, ọmọ ilẹ̀ Ìránì, ṣe ní ọdún 1987 hàn wọ́n. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ahmad ló ṣèèṣì mú ìwé ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ sì ti halẹ̀ pé bí ọmọ náà bá tún kọ iṣẹ́ àṣetiléwá síbòmíràn yàtọ̀ sínú ìwé yẹn, òun yóò lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ahmad kò mọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣáà mú ìwé lọ́wọ́, ó sáré gun òkè lọ sí abúlé kejì, ó ń bi àgbà kan tẹ̀ lé òmíràn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Èdè Páṣíà ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú mọ́ Ahmad lọ́nà, mo dákẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń fẹ́ ògbufọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan rọra ń sọ pé, "Ìyá rẹ̀ á nà án o."

Iṣẹ́ yìí ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1965 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Kanun sílẹ̀ ní Ìránì fún ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́; ibẹ̀ ni Kiarostami ti ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1970, nípa ọmọ kan tó ń ru búrẹ́dì bọ̀ wálé tí ajá dínà mọ́. Jafar Panahi, olùdarí eré mìíràn ní Ìránì, tẹ̀ lé e ní 1995 pẹ̀lú fíìmù nípa ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ẹja pupa fún ọdún tuntun wọn. Fíìmù ti Majid Majidi, ọmọ Ìránì bákan náà, ní 1997, ló wọ̀ mí lára jù: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń pín bàtà kan ṣoṣo wọ̀, àbúrò á sáré bọ̀ láti kíláàsì òwúrọ̀, á bọ́ bàtà náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ òpópónà, kí ìyẹn tó sáré lọ sí ti ọ̀sán.

Nínú fíìmù tiwa, ọmọdé kì í sábà ju ẹni tí ìyàwó bàbá ń fi ìyà jẹ, tàbí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí a kò sì rí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rí àwọn ọmọ tó ń ṣa kóró kajú lábẹ́ igi kí wọ́n tó lọ sílé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kà á sínú agolo mílíìkì, tí wọ́n ń ṣírò bóyá yóò tó owó ìwé. Ìtàn gidi nìyẹn. Àwọn ọmọ náà lè ṣe é fúnra wọn, ní èdè Yàgbà, Owé tàbí Ìjùmú, gẹ́gẹ́ bí Kiarostami ṣe lo àwọn ará abúlé tí kò ṣe eré rí.

Bí olùdarí eré kan bá fẹ́ wá, kí ó wá ní àsìkò kajú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ṣí sílẹ̀ fún un.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsánlú, Ìpínlẹ̀ Kogí.