Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Wálé, lẹ́yìn tí mo dé Constantia

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ máa ń wa ọkọ̀ àwọn àlejò ló fàáké kọ́rí pé n ò gbọdọ̀ kó ẹrù yín padà sí Ìbàdàn láì dé Groot Constantia, ọgbà àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Ó ní ibẹ̀ lẹ fẹ́ràn jù ní gbogbo Cape Town. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ fún àwa méjèèjì, wọ́n to gíláàsì sórí tábìlì, wọ́n sì fi obìnrin kan tì wá kó máa bu wáìnì fún wa tọ́ wò. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Ẹni tí n kò rí rí ń sunkún yín, èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Wọ́n ní ẹ kì í ṣe awakọ̀ lásán níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń ròyìn ilẹ̀ náà fún àwọn tí ẹ bá gbé wá: pé ọdún 1685 ni àwọn oníṣòwò VOC ti Netherlands fi í ta Simon van der Stel lọ́rẹ, ẹni tó ń ṣàkóso Cape fún wọn; pé àwọn ẹrú ló ń ṣe iṣẹ́ ọgbà àjàrà náà; pé Anna de Koningh, ọmọ Angela tí wọ́n kó lẹ́rú láti Bengal, ló padà wá ni gbogbo ilẹ̀ náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní 1724. Tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lẹ gbé wá, ẹ ó fi ti ọkọ̀ ojú omi Hasselt kún un, èyí tó kó ẹrú tó lé ní 200 dé Cape lọ́dún 1658, láti Popo ní etíkun Benin. Ẹ ó ní, “Ìtòsí ilé ni wọ́n ti kó wọn o.”

Ẹnu ẹlẹ́nu ni mo ti ń gbọ́ gbogbo èyí. Tí ẹ bá pe àwa, kí la máa ń gbọ́? “Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé owó ti wọlé?” Ó parí.

Grand Constance ni wọ́n fi pamọ́ dìgbẹ̀yìn. Wọ́n máa ń fi èso àjàrà Muscat sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi rọ, tí ara rẹ̀ yóò hunjọ, tí omi rẹ̀ yóò dínkù, tí adùn yóò pọ̀ nínú rẹ̀. Wáìnì dídùn Constantia yìí náà ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Napoleon ní erékùṣù St Helena, títí ó fi kú ní 1821. Ó pọ́n bí ojúlówó oyin. Mo yí gíláàsì náà díẹ̀, ó ń rọra ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn débi pé inú bí mi. Orúkọ ara ìgò ni mo sì tẹjú mọ́, torí òun ló wà lára páálí tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà òkú Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín rí. Alẹ́ àìsùn ni páálí náà dé. Láti ọ̀sán ni gbogbo ẹbí ti ń wo ọ̀nà. Mọ́tò kan dúró níta, Màmá dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, “Ó dé.” Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ ló bọ́ sílẹ̀, ó gbé páálí lérí, ó ní ẹ ní kí wọ́n fi ṣe àlejò. Màmá wo páálí, ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó wá rìn lọ síbi mọ́tò, ó yọjú wo inú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, ó yọjú wo inú mọ́tò náà! Dírẹ́bà nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn àbúrò Bàbá fẹ́ ṣí wáìnì, ó fara bò ó, ó ní ẹnì kankan ò ní mu ọmọ òun. Ó gbé e wọ yàrá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà dòní. Ilẹ̀ mọ́, èmi obìnrin ni wọ́n fa ṣọ́bìrì lé lọ́wọ́ pé kí n da yẹ̀pẹ̀ ṣáájú, nígbà tí dáwódù wà láyé.

Lẹ́yìn náà la jáde lọ wo ilé àtijọ́ tí wọ́n ń kó wáìnì pamọ́ sí, èyí tí Hendrik Cloete, tó ni ilẹ̀ náà nígbà náà, kọ́ ní 1791. Anton Anreith ló ṣe ère tó wà lókè iwájú rẹ̀: ọmọkùnrin kan pẹ̀lú ẹyẹ idì. Ganymede lorúkọ ọmọ náà nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Zeus, ọba àwọn òrìṣà wọn, ló jí i gbé kó lè máa gbé ọtí fún wọn lọ́run. Nígbà tí bàbá ọmọ náà ò yé sunkún, Zeus fi ẹṣin ránṣẹ́ sí i láti fi tù ú nínú. Ọ̀rẹ́ yín ní níwájú ère yẹn nìkan lẹ kì í sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò á ya fọ́tò tán, ẹ ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Kí lẹ ń rò? Ṣé Bàbá ni?

Ní 2008 tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì kiri, Màmá bẹ̀ yín títí kí ẹ máa bọ̀. Ẹ ní ìwé yín kò tíì jáde, pé tí ẹ bá jáde, ẹ ò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Mo gbà yín gbọ́, mo sì ń gbèjà yín láàárín ẹbí. Mo ti rí ìwé náà báyìí nínú dúróòrù yín. Déètì ara òǹtẹ̀ rẹ̀ ti ṣáájú ikú Bàbá.

Ó ti rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá. Ọjọ́ mìíràn wà tí Màmá kì í rántí orúkọ mi, ṣùgbọ́n kò gbàgbé tiyín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ní, “Wálé ò tíì dé?” Àwọn ẹbí ní kí n má sọ fún un pé ẹ ti kú. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò bá mi sùn tì í rí. Owó tíṣà mi ò ká oògùn rẹ̀ àti owó ọmọ tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Àwọn àbúrò Bàbá tún ti ń mú èèyàn wá wo ilé, wọ́n fẹ́ tà á. Dàmilọ́lá mi náà ti rí físà Kánádà gbà. Ó ń jó, mo ń bá a jó, tí mo bá wọ yàrá tán, oorun ò ní kùn mí.

Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, màá sọ fún Màmá. N ò lè máa fi orúkọ yín parọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ó lè bú yín o, ó sì lè bú èmi náà. Tó bá ní kí n ṣí páálí yẹn, màá ṣí i. Tó bá ní kí n dà á nù, màá dà á nù.

Àbúrò yín,
Bùkọ́lá