Má ṣe jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá rẹ

Àkànní ọmọ mi,

Òjò ká páànù ilé ìdáná, wọ́n ti tún un kàn. Ọmọ Ṣadé ti hu eyín méjì.

Ṣadé ló sọ pé o ní ká ra àgádágodo, ká máa ti bàbá rẹ mọ́ yàrá lálẹ́. Ṣé ẹnu rẹ lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o ò gbé fóònù mi. Ẹran òsìn ni wọ́n ni?

Òótọ́ ni pé wọ́n jáde lóru Àìkú. Ọlọ́dẹ ló mú wọn bọ̀ láti Mọ́kọ́lá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù tí a ti tà ní 2009. Àyà mi já. Mo mọ̀ pé tìrẹ náà já, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Mo ti so agogo mọ́ géètì. Bí wọ́n bá ṣí i, mo máa gbọ́.

Irin ìdìmú ni kí o fowó ránṣẹ́ fún, ti ẹ̀gbẹ́ ibi ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n di irin tí a ń sá táwẹ́ẹ̀lì sí mú lóṣù tó kọjá, ó já tòun ti táìsì. Bíríkìlà ní búlọ́ọ̀kù wa nihò nínú, bóòtù gígùn ló gbọ́dọ̀ la ògiri já. Pèpéle iwájú ilé ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1; ó yẹ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a máa fi rọ́pò àtẹ̀gùn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni bíríkìlà fẹ́ ṣe! Iná sólà náà, láti ẹnu yàrá dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti fi ọ̀dà pupa kun ilẹ̀kùn ibẹ̀. Wọn kì í ṣì í mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án.

Àkànní, o kéré nígbà tí ìyá mi ń ṣàrán. Àwọn ará ilé ní àjẹ́ ni wọ́n, mo dákẹ́. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí n lè rí oorun sùn. Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ pa ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tọ̀ sí. Ó rẹ̀ mí. Mo sùn lọ. Ilẹ̀ ni mo bá wọn láàárọ̀, itan ti kán. Mo sọ fún gbogbo yín pé balùwẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú.

Irọ́ ni mo pa.

Bóòtù mẹ́jọ ni bíríkìlà ní ká rà. Pè mí lálẹ́ òní. Bàbá rẹ ń bèèrè rẹ. Orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń dá, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n ń wí.

Ìyá rẹ.